ÌṢÚRA ÒJÒ DÍDÌ

Kíkà: Jóòbù 38:22, Aísáyà 1:18, Aísáyà 55:10-11

Nígbà tí Olúwa dá Jóòbù lóhùn láti inú ìjì, ọ̀kan nínú ìbéèrè tí Ó bi í ni bóyá ó ti dé ibi tí a kó òjò dídì pamọ́ sí rí, àti bóyá ojú rẹ̀ ti kan yàrá tí yìnyín wà. Jóòbù kò rí èsì fọ̀. Èmi náà ì bá má rí èsì fọ̀, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń wàásù nípa òjò dídì bí ẹni tí ó ti wọ ilé ìṣúra náà tí ó sì ti jáde.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan ní ọdún 1986, mo mú ẹsẹ kejìdínlógún nínú orí kìn-ín-ní ìwé Aísáyà láti wàásù lé lórí. Ẹsẹ náà kò ṣàjèjì sí yín. Olúwa ń pe àwọn ènìyàn Rẹ̀ wá síbi àsọyé, Ó sì ń ṣèlérí pé ẹ̀ṣẹ̀ tí ó pupa bí aṣọ tí a rẹ sínú aró pupa yóò padà wá funfun bí òjò dídì. Kí ìjọ lè fi ojú ara wọn rí ohun tí wòlíì ń wí, mo rán ènìyàn lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja kí ó ra odidi yìnyín kan wá láti inú ẹ̀rọ wọn. Mo gbé e sókè lórí àga ìwàásù, mo ní, "Ohun tí wòlíì náà rí nìyí." Omi ń kán sí apá ẹ̀wù mi. Ọmọdékùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ dìde ní ìjókòó àwọn ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, yìnyín yìí kò funfun. A ń rí ìka ọwọ́ yín láti ẹ̀yìn rẹ̀."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí. Mo pàṣẹ pé kí ọmọ náà jókòó, mo sì fi gbólóhùn kan kún un nípa àwọn ọmọ tí a kò kọ́ nílé láti mọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n dákẹ́. Bàbá rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn olóòótọ́ ìjọ náà, fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ yìí kò ti bi mí ní ìbéèrè kankan mọ́, títí ó fi dàgbà tí ó sì fi ìlú náà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba: ọmọ náà ni ó ka ẹsẹ náà dáadáa ní ọjọ́ yẹn, èmi ni mo ṣì í kà.

Èyí tí ó tún dùn mí jù ni pé kì í ṣe ìwé ni mo ṣaláìní. Nígbà tí a pè mí ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà láti wà lára àwọn tí ń yẹ ìtumọ̀ wò, mo bá ọ̀rọ̀ náà pàdé ní èdè Hébérù. Àwọn tí ó kọ Ìwé Mímọ́ kò da nǹkan wọ̀nyí pọ̀ mọ́ ara wọn rárá. Sheleg ni òjò dídì. Barad ni yìnyín tí ń já lulẹ̀ bí òkúta, irú èyí tí ó pa oko àwọn ará Íjíbítì run. Kefor ni ìrì dídì. Qerach ni omi tí ó dì gbagidi. Nínú Sáàmù 147, mẹ́ta nínú wọn tò tẹ̀lé ara wọn nínú ẹsẹ méjì péré. Bí atúmọ̀ kan bá wá pe gbogbo wọn ní yìnyín, ìbéèrè tí Olúwa bi Jóòbù yóò di àsọtúnsọ, bí ẹni pé Ẹlẹ́dàá gbàgbé ohun tí Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í tán.

Àwọn baba wa rí ìṣòro yìí ṣáájú wa. Àjàyí Crowther, tí ìtumọ̀ Ìwé Róòmù rẹ̀ jáde ní ọdún 1850, ti wà ní Islington ní Lọ́ńdọ́nù ní ìgbà òtútù 1842 wọ 1843, kí a tó fi í joyè àlùfáà. Ó mọ òtútù kan tí àwọn tí ó ń túmọ̀ fún kò mọ̀. Nínú Bíbélì tí a jogún lọ́wọ́ òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, òjò dídì ni orúkọ tí a fún sheleg, a sì fi yìnyín sílẹ̀ fún èyí tí ń lu òrùlé wa. Àwọn ará wa tí ń sọ èdè Hausa ń pè é ní dusar ƙanƙara, ìyẹn ni pé eèrí tí ó ti ara yìnyín jáde, bí eèrí ṣe ń ti ara ọkà jáde. Mo fẹ́ràn orúkọ náà gidigidi. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ ti mọ̀ pé ohun tí ó lẹ̀, tí ó fúyẹ́, ni à ń wí.

Ní ìpàdé wa nígbà náà, arákùnrin kan dábàá pé kí a pa òjò dídì tì, kí a fi ẹ̀gbọ̀n òwú rọ́pò rẹ̀, nítorí pé kò sí abúlé tí a kò ti mọ òwú. Àbá náà ní ọgbọ́n nínú, ó sì bá Aísáyà 1:18 mu. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e lọ sí orí 55 ìwé kan náà: ṣé òwú tí ó ti ojú ọ̀run bọ̀ lè rin ilẹ̀ kí irúgbìn hù? Ẹ gbé e lọ sí Jóòbù 24:19, níbi tí ọ̀dá àti oòrùn ti ń fa omi òjò dídì gbẹ: òwú kì í yọ́, jíjó ni ń jó. Ẹ tún gbé e lọ sí Òwe 31:21, níbi tí obìnrin oníwà rere nì kò ti bẹ̀rù òjò dídì nítorí pé ó ti wọ ará ilé rẹ̀ ní aṣọ. Ta ni ń bẹ̀rù òwú? A rẹ́rìn-ín, a sì fi òjò dídì sílẹ̀ ní ipò rẹ̀. Síbẹ̀, ní tòótọ́, kò sí ẹnìkan nínú àwa mẹ́fà tí ó yí tábìlì náà ká tí ó ti rí i rí. Ọyẹ́ ni òtútù tí a mọ̀.

Ní oṣù Kejì ọdún 2018, ọmọbìnrin mi tí ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Burlington ránṣẹ́ pè mí. Ìlú náà wà ní Vermont, ìpínlẹ̀ kékeré kan ní ìhà ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, tí kò jìnnà sí ààlà Kánádà. Ó gbé mi lọ sí òkè Mansfield, tí ó ga ní mítà 1,339, tí kò sì sí òkè tí ó ga tó o ní ìpínlẹ̀ náà. Stowe ni orúkọ ìlú tí ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn òkè yìí. Níbẹ̀ ni ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ti ń wá yọ̀ sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè lórí síkì, èyíinì ni pákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn méjì tí a ń dè mọ́ bàtà. Ní ọdún 1933, ní àkókò tí owó dá ní gbogbo ilẹ̀ náà, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìjọba fún ní iṣẹ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí la ọ̀nà síkì láàrin igbó òkè yìí. Lóde òní àga tí a so mọ́ okùn irin ni ń gbé ènìyàn gun òkè. Mo jókòó lórí ọ̀kan, ẹsẹ̀ mi ń fì lókè àwọn igi, mo sì ń ka Sáàmù kẹtàlélógún nínú ọkàn mi láìdúró.

Òjò dídì bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ nígbà tí a wà lórí òkè. Ohun tí ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé kò pariwo. Òjò tiwa a máa kéde ara rẹ̀: ìjì a ṣáájú, òrùlé a dáhùn, àwọn ọmọdé a kígbe. Èyí ń bọ̀ bí ẹni tí ń wọ ilé tí a ti ń sùn. Nígbà tí yóò fi tó wákàtí kan, ọ̀nà tí a gbà dé ibẹ̀ ti parẹ́. Mo rántí Jóòbù 37, níbi tí Élíhù ti sọ pé Ọlọ́run pàṣẹ fún òjò dídì láti wá sórí ilẹ̀, tí Ó sì fi bẹ́ẹ̀ di ọwọ́ olúkúlùkù ènìyàn pa kí wọ́n lè mọ iṣẹ́ Rẹ̀. Mo ti ka ibẹ̀ nígbà púpọ̀ láìmọ ohun tí dídi ọwọ́ pa ń ṣe níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì a ti ilé ẹ̀kọ́, ọkọ̀ kò rìn, olúkúlùkù sì jókòó sí ilé rẹ̀. Ọwọ́ gbogbo ìlú dì pa.

Mo bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, mo gbé e súnmọ́ ojú. Ẹ̀yin ará, kò funfun. Hóró kọ̀ọ̀kan tí ó bà lé ìbọ̀wọ́ dúdú mi mọ́ gaara bí gíláàsì, mo sì ń rí òwú ìbọ̀wọ́ náà láti ẹ̀yìn rẹ̀. Mo dúró sójú kan. Ohùn ọmọdé kan padà wá sí etí mi lẹ́yìn ọdún méjìlélọ́gbọ̀n.

Nígbà tí mo padà sí ilé ọmọ mi ni mo wá ìdí rẹ̀, kò sì ṣòro láti yé ẹnikẹ́ni. Ẹ wo ìyọ̀: hóró rẹ̀ kan ṣoṣo mọ́ gaara, ṣùgbọ́n òkìtì rẹ̀ funfun. Ẹ wo ọṣẹ tí obìnrin ń hó sínú omi: omi náà kò ní àwọ̀, ṣùgbọ́n ìfóòfó rẹ̀ funfun. Bákan náà ni òjò dídì rí. Hóró kọ̀ọ̀kan ní ojú púpọ̀ tí ń dán, afẹ́fẹ́ sì wà láàrin hóró kan àti èkejì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wọ àárín wọn, yóò kọlu ojú kan, yóò yà sí òmíràn, títí yóò fi jáde padà pẹ̀lú gbogbo àwọ̀ rẹ̀ ní pípé. Gbogbo àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí ó bá sì jọ padà sí ojú wa lẹ́ẹ̀kan ni à ń pè ní funfun. Nítorí náà kò sí àwọ̀ funfun kankan nínú òjò dídì tí ènìyàn lè fọ̀ jáde tàbí kí ó há kúrò. Ìmọ́lẹ̀ ni. Bí alẹ́ bá lẹ́ tí kò sí òṣùpá, òjò dídì a dúdú bí ilẹ̀ tí ó bò.

Ẹ jẹ́ kí a mú èyí padà lọ sọ́dọ̀ Aísáyà. Pupa tí ó dárúkọ jẹ́ àró, tí a rí láti ara kòkòrò kan tí a lọ̀. Ó wọ inú òwú ìran aṣọ lọ. Àwọn aláró wa mọ̀ pé aṣọ tí aró ti wọ̀ kì í padà sí bí ó ti wà ní ọjọ́ tí ó ti orí òfì bọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ọ́ di funfun ní ọ̀nà ti ènìyàn yóò ní láti fi nǹkan funfun kùn ún, bí a ti ń fi ẹfun kun ògiri, pupa náà yóò sì wà lábẹ́. Èyí ni irú ìdáríjì tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbàgbọ́, bí a kò tilẹ̀ jẹ́wọ́ rẹ̀: pé Ọlọ́run fi ẹfun kùn wá. Mo ti bá àwọn Krístẹ́nì ogún ọdún jókòó nígbà àìsàn ìkẹyìn wọn, tí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ẹfun náà yóò bó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹfun ni wòlíì fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó mú ohun tí kò ní àwọ̀ tirẹ̀ rárá, tí ó jẹ́ pé ohun gbogbo tí ojú ń rí lára rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ tí ó bà lé e. N kò sọ pé Aísáyà mọ bí ìmọ́lẹ̀ ti ń yà nínú hóró omi dídì. Ohun tí mo ń sọ ni pé Ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ náà sí i lẹ́nu ni Ó dá òjò dídì.

Ìlú kan wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn òkè Mansfield, ìlú àgbẹ̀ tí kò tóbi. Jẹ́ríkò ni orúkọ rẹ̀. Láti inú Bíbélì ni àwọn baba wọn ti mú un. Níbẹ̀ ni a bí Wilson Bentley ní ọdún 1865. Àgbẹ̀ olùsìn màlúù ni. Láti ìgbà èwe ni ó ti ń fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo òjò dídì, ó sì gbìyànjú láti yà á lórí ìwé, ṣùgbọ́n kí ó tó yà á tán yóò ti yọ́. Ó so ẹ̀rọ fọ́tò mọ́ awò náà, ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1885, ó rí fọ́tò hóró òjò dídì kan ṣoṣo yà. Inú ilé tí kò ní iná ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ó a sé èémí rẹ̀ kí hóró náà má bà á yọ́. Títí ó fi kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1931, ó ti ya ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ. Ìwé ńlá tí a kó àwọn àwòrán rẹ̀ jọ sí jáde ní ọdún náà gan-an. Òtútù àyà ni ó pa á, lẹ́yìn tí ó fi ẹsẹ̀ rin ìrìn àjò kan nínú ìjì òjò dídì.

Mo wo àwọn àwòrán náà fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Apá mẹ́fà ni hóró tí ó dára ń ní, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn èròjà omi ṣe ń di ara wọn mú bí wọ́n bá dì. Ìyàtọ̀ wọn sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin yìí kò rí méjì tí ó jọra délẹ̀. Nǹkan mìíràn tún wà tí kò hàn nínú fọ́tò. Hóró òjò dídì kì í sábà dá bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú ìkùukùu. Ó ń fẹ́ ohun tí yóò gbé ara lé, ohun náà sì sábà máa ń jẹ́ ẹyọ erùpẹ̀ kan tí ẹ̀fúùfù gbé lọ sókè. Erùpẹ̀ ni ó wà ní àárín ẹwà náà. Oníwàásù tí ó bá ń ka èyí kò ní ṣàìmọ ibi tí ó lè gbà.

Àwọn onímọ̀ lè wí pé orúkọ tí àwọn baba wa fún un kò tọ̀nà pátápátá, nítorí òjò tí ó dì lójú ọ̀run jẹ́ nǹkan mìíràn, òjò dídì sì ń dàgbà láti inú ooru omi tí ó wà ní ìkùukùu. Òtítọ́ ni. Èmi yóò dá wọn lóhùn pé orúkọ náà di ohun kan mú tí Aísáyà 55 kò lè ṣe aláìní: òjò ni ó jẹ́, omi ni yóò sì dà.

Ní ìsàlẹ̀ òkè náà ni mo ti rí pátákó tí wọ́n ń kọ ìròyìn òjò dídì sí ní àràárọ̀. Bí a ti ní òjò àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò, bí a ti ní ọ̀wààrà àti òjò winniwinni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ fún ipò kọ̀ọ̀kan tí òjò dídì lè wà. Èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ tí ó dà bí lẹ́búlẹ́bú ni wọ́n ń yọ̀ fún jù. Òmíràn ni èyí tí ẹ̀rọ bíi katakata ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní òru. Ní ìgbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, òjò dídì a máa yọ́ lọ́sàn-án, a máa dì lóru, títí yóò fi di hóró ńláńlá. Àgbàdo ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Èyí tí wọ́n ń bẹ̀rù ni ti ìhà ìlà-oòrùn gan-an: afẹ́fẹ́ gbígbóná a ti gúúsù wá ní àárín ìgbà òtútù, òjò omi a rọ̀ lé òjò dídì, òtútù a sì padà dé lójijì, gbogbo ara òkè a wá le bí àwo irin. Nítòsí ṣóńṣó òkè Mansfield ọ̀pá kan wà tí a ti fi ń wọn bí òjò dídì ti jìn tó láti ọdún 1954. Wọ́n mọ iye tí ó wà nílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ iye tí ó kù nínú ìṣúra.

Nígbà tí kò bá rọ̀ ńkọ́? Wọ́n ń ṣe é ni. Ní oṣù Kẹta ọdún 1950, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan, Wayne Pierce, Art Hunt àti Dave Richey, da omi àti afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ papọ̀ gba ẹnu òpó kan jáde sínú òtútù, ó sì bọ́ sílẹ̀ ní òjò dídì. Lónìí kò sí ibi ìgbafẹ́ síkì ńlá ní ìhà ìlà-oòrùn tí kò ní ìbọn òjò dídì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà. Mo ti gbọ́ oníwàásù tí ó fi èyí ṣe ẹ̀fẹ̀, tí ó pè é ní Bábélì mìíràn. N kò lè bá a lọ. Ẹni tí ó ń bomi rin ẹ̀fọ́ rẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kò ṣẹ̀ sí Ọlọ́run, iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé sì wà lórí òkè wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n mo kíyèsí ohun méjì. Hóró inú ìbọn kì í ní apá mẹ́fà. Ìkán omi ni ó dì láti ẹ̀yìn wọ inú, ó rí róbótó, ó sì wúwo. Bí ojú ọjọ́ kò bá sì tutù, ìbọn náà kò lè ta nǹkan kan bí kò ṣe omi. Ènìyàn mú omi wá, ó mú afẹ́fẹ́ wá, ó wá jókòó ó ń dúró de òtútù.

Mo ní láti dúró díẹ̀ lórí ibi tí ó nira, nítorí àwọn atúmọ̀ tí ń ka ìwé yìí. Kì í ṣe gbogbo ibi tí òjò dídì ti fara hàn nínú Bíbélì ni ó ti jẹ́ ìròyìn ayọ̀. Ọwọ́ Mósè nínú Ẹ́kísódù 4:6, ara Míríámù nínú Númérì 12:10, ara Géhásì nínú ìwé Àwọn Ọba Kejì 5:27: ẹ̀tẹ̀ ni, a sì fi í wé òjò dídì. Ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí funfun kò sí nínú Hébérù ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn atúmọ̀ ni wọ́n fi kún un. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ bí ara ti ń ṣí wẹ́wẹ́ tí ó sì ń bọ́ sílẹ̀ ni òǹkọ̀wé ń wò. Obìnrin kan wà nínú ìjọ kan tí mo ti sìn, tí a ti wò sàn nínú àrùn ẹ̀tẹ̀ pátápátá, tí kì í jókòó nígbà tí a bá ń ka Númérì 12. Nínú ìjọ kan náà a tún ní àfín méjì. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé kún ìwé, tí a sì jẹ́ kí funfun ara di àmì ègún, àwọn wọ̀nyí ni wọn yóò ru ẹrù àfikún wa. Mo bẹ̀ yín, ẹ yẹ ẹsẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.

Ní Vermont, òjò dídì tí ó bá rọ̀ lórí òkè ní oṣù Kọkànlá lè wà níbẹ̀ títí di oṣù Kẹrin. Ìdí nìyí tí Aísáyà 55 fi dárúkọ òjò àti òjò dídì pọ̀. Òjò a rọ̀ lónìí, ilẹ̀ a mu ún lónìí. Òjò dídì a dé, kò sì sí ohun tí ó hàn pé ó ṣe. Ó bo irúgbìn mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní ó ti pa á. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ púpọ̀ ni ó wà nínú òjò dídì, ó sì dà bí ìbora, tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kò fi dì tó ilẹ̀ tí ó wà ní ìhòhò. Nígbà tí ó bá di oṣù Kẹta, tí ọ̀sán ń móoru tí òru ṣì ń tutù, omi dídùn a bẹ̀rẹ̀ sí sun nínú igi kan tí wọ́n ń pè ní maple, wọn a sì sè é di oyin igi. Lẹ́yìn náà òkè a tú ohun tí ó ti pamọ́ sílẹ̀. Omi Stowe a ṣàn wọ odò Winooski, Winooski a ṣàn wọ adágún Champlain, adágún náà a ṣàn lọ sí àríwá gba Kánádà títí dé òkun. Ìwàásù mìíràn wà tí ìjọ ń gbọ́ tí kò sí ohun tí ó yọ lára wọn fún oṣù mẹ́fà. Ìtumọ̀ mìíràn wà tí a tẹ̀ tí ó jókòó nínú páálí. Olúwa kò sọ iye ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ Rẹ̀ yóò fi wà lórí òkè kí ó tó sọ̀kalẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé ọ̀rẹ́ àgbẹ̀ ni ní gbogbo ìgbà. Ìwé Òwe 26:1 mẹ́nu kan òjò dídì ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gẹ́gẹ́ bí ohun tí kò yẹ. Àwọn ará Vermont rí i. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1815 òkè oníná kan tí ń jẹ́ Tambora bú gbàmù ní erékùṣù Indonesia. Ohun tí ó tú jáde sí ojú ọ̀run dín ìmọ́lẹ̀ oòrùn kù, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹfà ọdún 1816, òjò dídì rọ̀ sórí ọ̀gbìn àwọn àgbẹ̀ Vermont. Ìkórè bàjẹ́, ọ̀pọ̀ ìdílé sì kó ẹrù wọn lọ sí ìwọ̀-oòrùn.

Nígbà tí mo padà sílé, mo lọ sọ́dọ̀ bàbá ọmọ tí mo bá wí ní ọdún 1986, mo sì tọrọ àdírẹ́sì ọmọ rẹ̀. Kò bi mí ní ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ọmọ náà wà ní Kàdúná. Àwọn fìríìjì àti ẹ̀rọ amómidì ni ó ń tún ṣe. Mo kọ lẹ́tà sí i. Mo kọ ọ́ pé òun ni ó tọ̀nà, pé yìnyín náà kò funfun, mo ṣàlàyé ohun tí mo rí lórí ìbọ̀wọ́ dúdú mi, mo sì tọrọ ìdáríjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó pè mí lórí tẹlifóònù. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè ara mi àti ara àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀. Ọ̀rọ̀ yìnyín náà, mo ti gbàgbé rẹ̀ tipẹ́. Ọwọ́ tí bàbá mi fi bo ojú ni n kò gbàgbé."

Mo padà lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e. Ojú rẹ̀ kò ríran kàwé mọ́, nítorí náà èmi ni mo ka Aísáyà orí kìn-ín-ní sí i létí, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin.